Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ilé Onígbàgbọ́ Tí A Ti Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Ọmọ mi kejì pé ọdún mẹ́jọ nígbà tí ó parọ́ fún mi lórí iṣẹ́ ìṣirò. Ó ní òun ti ṣe é tán, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fọwọ́ kan ìwé. Mo fún un ní bébà, mo ní kí ó kọ Éfésù 6:1 ní ìgbà 50: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbọ́ ti àwọn òbí yín nínú Olúwa: nítorí pé èyí ni ó tọ́." Ó kọ ọ́ tẹkúntẹkún. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a jókòó fún àdúrà òwúrọ̀, mo ní kí a ṣí ìwé Éfésù. Ọmọ náà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Màámi, kí ni mo tún ṣe?"

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di pàṣán láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi, tí mo sì ń tẹ́tí sí àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn nílé. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wa ń kọsẹ̀ sí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo nílé tiwa ni pé ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé, bí olùkọ́ bá bá a wí lọ́sàn-án, ó ní ilé tí yóò padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí a ń kọ́ nílé kò ní ibòmíràn. Ẹnu tó bá a wí nítorí ìṣirò láàárọ̀ náà ni yóò ka Bíbélì fún un lálẹ́. Bí ẹnu yẹn bá korò, kí ọmọ tó mọ̀ pé ohùn màmá òun yàtọ̀ sí ohùn Olúwa, yóò pẹ́.

Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì jẹ ọmọ níyà

Kí á bá ọmọ wí, dandan ni. Ẹni tó parọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó ṣe iṣẹ́ náà, kí eré ọjọ́ náà sì lọ fún un, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ìyà tó bá ẹ̀ṣẹ̀ mu nìyẹn. Ṣùgbọ́n kíkọ ẹsẹ Bíbélì lákọtúnkọ, kíka orí gígùn nítorí pé a ṣẹ̀, àdúrà ìrọ̀lẹ́ tí a fi ń ròyìn ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún Ọlọ́run létí àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo èyí ń kọ́ ọmọ pé ibi tí wọ́n ti ń nà án ni iwájú Ọlọ́run. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù lójú tèmi. Ọmọ di ojú, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò sì lè dá ìyá lóhùn torí pé àdúrà ni.

Ẹsẹ tí mo fi jẹ ọmọ mi níyà ni ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kẹrin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ yín bínú: ṣùgbọ́n ẹ máa tọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ àti ìkìlọ̀ Olúwa." Orí kan náà ni. Mo ti kà á láìmọye ìgbà.

Ẹ má sọ ìgbàgbọ́ di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́

Lórí àtẹ àkókò wa, Bíbélì wà láti aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀, ìṣirò tẹ̀ lé e. Kò sí aburú nínú àtẹ. Ibi tí aburú wà ni pé bí a bá ti fi àmì sí i pé a ti ṣe Bíbélì, a pa á dé, kò tún sí ẹni tí yóò dárúkọ Ọlọ́run mọ́ títí di àdúrà alẹ́. Ọmọ lè ka orúkọ àwọn ọba Júdà láti orí Rèhóbóámù dé orí Sedekáyà, kí ó má sì tíì gbọ́ ọ rí kí bàbá rẹ̀ gbàdúrà lórí gbèsè tó wà nílẹ̀.

Diutarónómì 6 ni gbogbo wa máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá béèrè ìdí tí a fi ń kọ́ ọmọ wa nílé. Ẹ jẹ́ kí á tún un kà. Ẹsẹ kẹfà ló ṣáájú: kí ọ̀rọ̀ náà wà ní àyà rẹ, ìwọ òbí. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ keje wá sọ pé kí á fi kọ́ ọmọ, nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ ní ọ̀nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Inú ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni ìlànà yẹn ti rí ààyè. Bí owó oṣù bá pẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá Ọlọ́run sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín, tí ẹ sì ń tiraka láti dárí jì í, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò rọrùn fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá Bíbélì láàárọ̀ tó fún ọmọ kékeré, bí ìyókù ọjọ́ bá bá a mu.

Ilé kì í ṣe odi tí ẹ̀ṣẹ̀ kò lè fò

Mo mọ òbí tó gbà pé bí òun bá ti mú ọmọ kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ tí kò dára, ìṣòro ti tán. Jésù sọ nínú Máàkù 7:21 pé láti inú, láti inú ọkàn ènìyàn, ni ìrò búburú ti ń jáde wá. Ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ ayé síta, a tì í mọ́ ọkàn tiwa náà sínú ilé ni. Òbí tí kò bá mọ èyí kì í lè gbà pé ọmọ òun lè parọ́ tàbí kí ó ṣe ìlara. Ọmọ á sì tètè mọ̀ pé ohun tí ilé yìí ń fẹ́ ni ojú mímọ́, yóò sì kọ́ bí a ti ń fi ọkàn pa mọ́.

Inú ilé Olúwa ní Ṣílò ni àwọn ọmọ Élì àlùfáà dàgbà sí, síbẹ̀ wọ́n di ènìyàn burúkú. Sámúẹ́lì tó fi ojú ara rẹ̀ rí ìparun ilé Élì, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yà sí ọ̀nà èrè, wọ́n gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Bíáṣébà (1 Sámúẹ́lì 8). Bíbélì bá Élì wí nítorí pé kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun. Kò fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan Sámúẹ́lì. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti yà, ẹ má ṣe fi Òwe 22:6, tó ní kí á tọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí yóò tọ̀, bí ó bá dàgbà tán kì yóò kúrò nínú rẹ̀, na án. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni ẹsẹ náà. Ọmọ ní ọkàn tirẹ̀.

Àṣìṣe kan náà ló ń mú kí ìdílé yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìjọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ní olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kò mọ Bíbélì tó, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo jù, à kúkú ń ṣe ìsìn nílé. Hébérù 10:25 ní kí á má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Ọmọ nílò àgbàlagbà mìíràn tí yóò sọ ohun kan náà tí òbí rẹ̀ ń sọ ní ohùn mìíràn, kí ó sì rí ẹni tí ó lè fọ̀rọ̀ lọ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ òun àti òbí rẹ̀ kò bá wọ̀.

Ohun tí a fò nínú ìtàn Susanna Wesley

Orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n láàárín wa: òun ni ìyá John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ó bí ọmọ 19, mẹ́wàá ló ye, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án. Wákàtí mẹ́fà yìí ni àwọn òbí máa ń mú lọ, tí wọ́n á fi di ẹrù lé ara wọn lórí. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣe kan tó sàn ju wákàtí yẹn lọ: ó yan alẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí òun àti ọmọ náà yóò jókòó sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John ti dàgbà, ó ṣì ń rántí Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má ṣe gbàgbé òun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Apá kejì ìtàn náà ni a kì í sọ rárá. Hetty, ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin ilé yẹn, lóyún láìtíì ṣe ìgbéyàwó ní 1725. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà, fipá fún un lọ́kọ, kò sì fẹ́ gbà á mọ́ra mọ́. Ní 1726, John gun orí pẹpẹ, ó wàásù lórí àánú tó yẹ kí á ní sí ẹlẹ́ṣẹ̀, bàbá bínú. Ilé tí a ti kọ́ ọmọ dáadáa ni, àdúrà kò sì wọ́n níbẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra; bàbá yìí kò na ọwọ́ ọ̀tún. Ilé yín náà lè kọ́ ọmọ ní gbogbo orí Bíbélì, kí ó má mọ ọ̀nà tí ẹni tó ṣubú yóò gbà padà wọlé.

"Má bínú" tí kò ní "ṣùgbọ́n"

Bí ọmọ yóò bá mọ ọ̀nà ìpadà yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti kọ́kọ́ rí i. Àwa òbí kì í fẹ́ bẹ ọmọ. A máa ń rò pé a ó sọ iyì nù. Bí a bá tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, a ó ní, "Má bínú pé mo pariwo, ṣùgbọ́n ìwọ náà lo fà á." Gbólóhùn kejì yẹn ti gba ti àkọ́kọ́ padà.

Ohun tí mo ń sọ báyìí ni: "Mo pariwo mọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Mo máa ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, àkọ́bí mi wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin náà máa ń dẹ́ṣẹ̀?" Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún un pé gbogbo ènìyàn ló ti ṣẹ̀.

Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ìyá

Bàbá ni Éfésù 6:4 dárúkọ. Síbẹ̀ nínú ilé púpọ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ìbáwí nìkan ni bàbá máa ń wọlé sí ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ fún un ní ìwé kan láti máa kà fún wọn, tàbí àdúrà alẹ́. Ìyá tí kò sinmi rí yóò kọ́ ọmọ ní àìsinmi, bó ti wù kí ẹsẹ tó ń kà dùn tó. Ẹ pa ìwé dé fún ọjọ́ kan bí ó bá rẹ̀ yín. Ìṣirò yóò dúró.

Àmọ́ kí ó má dúró títí. Àwọn kan ń fi àdúrà bo ọ̀lẹ: ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè kàwé, wọ́n ní ìwà ló ṣe pàtàkì. Ẹ mú un lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù yín lọ. Kólósè 3:23 ní kí á fi tọkàntọkàn ṣe é bí ẹni pé fún Olúwa.

Ẹ sì mọ òfin ibi tí ẹ ń gbé. Ní Jámánì, dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 50 ló gba kíkọ́ ọmọ nílé, bí òfin wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ máa sá fún aláṣẹ. Kí á má sì fojú kéré òbí tó fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ ń gbọ́ ohun tí a ń sọ nípa wọn.

Mo yá alẹ́ ọlọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ Susanna Wesley. Ọjọ́bọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ mi kejì. Fún oṣù mélòó kan, kò sọ nǹkankan tó jìnnà, eré bọ́ọ̀lù ni ó ń sọ fún mi, mo sì ń gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá ẹni tó ti parọ́ púpọ̀ ṣì lè gbàdúrà. Mo ṣí Orin Dáfídì 51, mo gbé Bíbélì fún un. Ó kà á dé ẹsẹ 17, ibi tó ti ní Ọlọ́run kì yóò gan ọkàn tó ní ìròbìnújẹ́. Ó dúró. Ó tún ẹsẹ náà kà, láìsí pé mo ní kí ó tún un kà.