Bí mo ṣe fi kámẹ́rà méjì dán Màámi wò kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó dé

Kámẹ́rà tó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́ ni Canon PowerShot S95. Ọdún 2010 ló jáde. Kò tó 200 gíráàmù, àpò ṣòkòtò ló ń gbé, ọ̀dà dúdú etí rẹ̀ sì ti ń ṣí nítorí kọ́kọ́rọ́ tí mo máa ń kó sí àpò kan náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Màámi pé ọdún 70, àbúrò mi ọkùnrin gbé Sony a6000 tirẹ̀ wá fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi nǹkan ìṣeré yẹn sílẹ̀, kí ẹ lo kámẹ́rà gidi.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pinnu pé màá fi méjèèjì ya ohun kan náà, màá lọ fọ fọ́tò wọn sórí pépà, màá sì gbé e fún àwọn tí kò mọ èyí tí mo fi ya èwo.

Mirrorless ni wọ́n ń pe irú Sony yẹn. Àwọn kámẹ́rà ńlá tí àwọn onífọ́tò ayẹyẹ máa ń fi kọ́rùn ní dígí kan nínú, tó ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sí ojúhò tí wọ́n ń yọjú wò. Wọ́n yọ dígí yẹn kúrò nínú mirrorless, ara rẹ̀ wá fúyẹ́, sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló sì ń fi àwòrán hàn wá tààrà. Bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà àpò mi kò ní dígí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é! Ibi tí ìjà wà ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ti Sony jẹ́ mílímítà 23.5 sí 15.6. Ti Canon lé díẹ̀ ní mílímítà 7 sí 5 àti ààbọ̀. Ti Sony fi bí ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án fẹ̀ jù ú lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo gun Òkè Ààre lọ síbi ilé ìṣọ́ Bower, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí po. Páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀. Lẹ́ǹsì tó bá Sony wá máa ń gba àyè fẹ̀ ju ti Canon lọ, nítorí náà mo fà á láti mílímítà 16 sí 19 kí ohun tí wọ́n ń rí lè dọ́gba. Mo fi ISO méjèèjì sí 100; ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gbà sókè tó, bó bá sì ṣe ga tó ni fọ́tò ń rí játijàti tó. Lójú sikíríìnì fóònù, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i pé Sony ń ka ìlà orí páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Canon ti pò wọ́n pọ̀ di àwọ̀ ìpẹtà kan ṣoṣo. Ní ti àwọn òrùlé tó jìnnà réré, ọyẹ́ ti bò wọ́n mọ́ àwọn méjèèjì lójú. Ọyẹ́ ò mọ kámẹ́rà olówó ńlá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo ní kí Màámi wọ léèsì funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibí ni mo ti kọ́gbọ́n jù. Kámẹ́rà tó bá rí funfun púpọ̀ máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Léèsì á wá dà bí eérú, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á ṣókùnkùn. Canon ṣe é, Sony náà ṣe é. Màámi wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ́n ní, “Ojú mi dà, ìwọ ọmọ yìí?” Mo fi ìmọ́lẹ̀ kún un, mo gbé e sí +0.7. Ojú jáde, àmọ́ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú léèsì di funfun báláú, bí ẹni wọ aṣọ ilé ìwòsàn. Owó léèsì yẹn kò ṣeé fi ṣeré.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí n fi fáìlì RAW yà á, ìyẹn fáìlì tó kó gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí pa mọ́ láìtíì sè é, kí n jẹ́ kí léèsì pé, kí n wá tan ojú Màámi lórí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà méjèèjì ló ń ṣe RAW. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé òkùnkùn ojú sókè nínú ti Canon, ó ń ṣe ṣákaṣàka bí ìgbà tí wọ́n bu yanrìn sí i. Nínú ti Sony, awọ ara Màámi jáde dáadáa, ó ń dán, àwọn ihò léèsì sì pé síbẹ̀. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni mo dúró sí, àbúrò mi ti jàre.

Ó wá ku ìyùn. Mo fẹ́ kí ìyùn ọrùn Màámi kún gbogbo fọ́tò. Lẹ́ǹsì Sony yẹn kì í ríran tí ohun tí à ń yà kò bá jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 25. Canon lè sún mọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 5. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kámẹ́rà kan Màámi lọ́rùn. “Ṣé ìyùn lo fẹ́ yà àbí èmi?” Ìyùn ni, ẹ̀yin Màámi. Ó sì jáde débi pé mo rí ibi tí wọ́n ti lu ihò sí i.

Alẹ́ lé, àwọn onínáà sì mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù kan ló ń jó ní pálọ̀. Mo ti rò pé Canon máa kú síbẹ̀ ni, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí n kò bá fa lẹ́ǹsì Canon, ẹnu rẹ̀ máa ń là dé f/2 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹnu ń fẹ̀ tó). Ti Sony kò kọjá f/3.5. Ẹ fojú inú wo garawa ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń ṣe tín-ín-rín, àti kọ́ọ̀bù kékeré lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń dà gbàà. Níbi tí Canon ti lo ISO 400, Sony ní láti gòkè dé 1250. Sony ṣì mọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí àbúrò mi ń fi halẹ̀ mọ́ mi.

Ìgbà tí mo fa lẹ́ǹsì sún mọ́ ojú Màámi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bí Canon bá ti nà tán, ẹnu rẹ̀ á kéré dé f/4.9, ISO rẹ̀ sì fò kọjá 2000. Gèlè Màámi di ẹ̀kọ gbígbóná. Mo wá yọ lẹ́ǹsì Sony, mo fi 50mm f/1.8 tí àbúrò mi kó mọ́ ọn rọ́pò. Ohun tó wà lẹ́yìn Màámi rọra pòórá, ojú wọn nìkan ló dá yàtọ̀. Kò sí ohun tí Canon lè rí sọ sí ìyẹn, torí lẹ́ǹsì tirẹ̀ kì í yọ. Èyí náà ní ewu tirẹ̀ o: tí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì mirrorless, sẹ́ńsọ̀ ló wà níta yẹn, kò sí dígí tó bò ó. Ní àsìkò ọyẹ́, inú yàrá tí fáànù kò ti fẹ́ ni mo ti ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ń dojú kámẹ́rà bolẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo kó wọn lọ fọ̀ ní láàbù. Àwọn tí mo yà lọ́sàn-án, mo ní kí wọ́n fọ̀ wọ́n ní 5 sí 7 ínṣì, mo pò wọ́n pọ̀, mo kó wọn fún Màámi, àǹtí wa kan, àti ìyá tó ń ta aṣọ ní iwájú ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè sọ èyí tó jẹ́ ti kámẹ́rà ńlá. Kò yà mí lẹ́nu. Pépà tó tó yẹn kò nílò ju bíi megapixel 3 lọ, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́ta àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di fọ́tò. Canon ní 10, Sony ní 24. Èyí tí mo fọ̀ ní 12 sí 18 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ti 8 sí 10 ló dá wàhálà sílẹ̀. Fọ́tò Sony gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Canon lọ, 3 sí 2 ni, ti Canon jẹ́ 4 sí 3. Kí ti Sony tó lè bá pépà yẹn mu, ìdá kan nínú mẹ́fà gígùn rẹ̀ máa lọ. Àwọn ará láàbù kò béèrè, èmi náà kò sọ fún wọn, ni wọ́n bá gé ṣóńṣó gèlè Màámi kúrò. Màámi gbé fọ́tò náà sókè, wọ́n ń wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gé fọ́tò mi fúnra mi kí n tó gbé e lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Sony ni mo fi kọ́rùn, Canon wà ní àpò agbádá. Nígbà tí wọ́n ń náwó fún Màámi lójú agbo, Sony lè ya fọ́tò 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì mú owó tó ń já bọ́ kó tó kan ilẹ̀. Canon kò lè ya méjì pé. Bátìrì Sony fẹ́ tán ní ìrọ̀lẹ́, mo fi wáyà so ó mọ́ power bank lábẹ́ tábìlì. Ti Canon, àfi kéèyàn yọ bátìrì rẹ̀ kó lọ wá iná.

Ṣùgbọ́n nígbà àdúrà, mo tẹ Sony lẹ́ẹ̀kan péré, “kẹ̀ṣẹ̀!”, wòlíì la ojú kan wò mí. Kò sí bí mo ṣe lè pa ẹnu a6000 yẹn mọ́. Mo rọra gbé e sílẹ̀, mo yọ Canon láti àpò. Òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. Gbogbo fọ́tò àdúrà, òun ló yà á.

Fọ́tò 40 ni mo kó sínú álíbọ́ọ̀mù Màámi. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ti Canon: àdúrà, ìyùn, àti tábìlì oúnjẹ.

Àbúrò mi pè mí lánàá, ó fẹ́ gba kámẹ́rà rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ya ìkómọ kan tó ń bọ̀ ná. Ó ní, “Nǹkan ìṣeré yín yẹn ńkọ́?” Mo ní òun náà ń bọ̀ níbẹ̀.