Ẹ jẹ́ ká gbádùn òjò Arizona

Ẹ̀yin ará wa ní Tucson àti Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ẹ kú ooru o. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, àmọ́ ìgbà òjò ibí, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún.

Ọ̀sán sí alẹ́ ló sábà máa ń rọ̀. Tí ẹ bá rí ìkùukùu funfun tó ń ga sókè lórí òkè Catalina lẹ́bàá Tucson, ẹ gbé àga síta, ẹ yan àgbàdo yín sílẹ̀. Òórùn creosote, igi kékeré inú aṣálẹ̀ ibí, ló máa ń ṣáájú òjò. Lọ́fínńdà kankan ò tó o, lójú tèmi. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ wọlé, ẹ máa wo ìyókù lójú fèrèsé. Ó di 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó jáde.

Odò gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní wash ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjò lè má kán sí yín lára rárá, kí àgbàrá láti orí òkè sì ya dé lójijì. Ẹ má wa mọ́tò wọ inú àgbàrá náà. Ẹni tó bá kọjá ìdènà tí wọ́n gbé síbẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ náà lè ní kó san owó àwọn tó wá yọ ọ́.

Tí eruku bá bo ọ̀nà, ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa gbogbo iná ọkọ̀, ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà rò pé ẹ ṣì ń lọ, kó wá kọlù yín.