Ìparí Manga Tó Sáré: Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò Fínnífínní Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́jọ́

Manga, ìyẹn ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan, tí ẹ ti ń bá bọ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá parí lójijì. Ọ̀tá tó ti ń da gbogbo ayé láàmú ṣubú nínú àpótí àwòrán mẹ́ta, ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn kú níbi tí a ò ti rí i, ẹ ṣí ojú ìwé kejì, ọdún ti gorí ọdún, gbogbo wọn ti dàgbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú ń bí yín. Síbẹ̀, àwòrán tó kẹ́yìn yẹn mú omi wá sójú yín. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ èyí tí ìtàn fà, èyí tí bí ẹ ṣe kà á fà, àti èyí tó jẹ́ pé ohun tí ẹ ti fọkàn sí ni kò ṣẹ.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e tì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìdìpọ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ń kó orí tó ti jáde jọ sí, kí ẹ kà wọ́n ní ìjókòó kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi Weekly Shōnen Jump, orí kan máa ń gba nǹkan bí ojú ìwé 19, ìdìpọ̀ kan sì máa ń gba bí orí 9. Ìjà tó gba orí 10 ti mú yín dúró fún oṣù méjì àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé 190 péré ni, tí ẹ lè kà tán láàárín wákàtí kan. Ẹni tó dúró tó bẹ́ẹ̀ de ìjà kan, tó wá rí i pé orí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, ó dájú pé á ní ó sáré. Tí ẹ bá kà á pọ̀, tó ṣì ń sáré, ó sáré lóòótọ́ nìyẹn.

Ẹ yẹ ẹ̀dà tí ẹ kà wò pẹ̀lú. Àwọn orí tó ń jò síta kí Jump tó jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìkánjú ni wọ́n fi ń túmọ̀ wọn. Èdè Japan kì í fi dandan dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan nínú gbólóhùn, nítorí náà ó rọrùn fún ẹni tó ń sáré láti kọ "èmi" síbi tó yẹ kó jẹ́ "òun". Gbólóhùn kan báyìí tó láti sọ ìdágbére di ẹ̀sùn. Manga Plus, ìkànnì tó jẹ́ ti Shueisha tó ń tẹ Jump, máa ń fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ìtàn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi tiwọn wé tiyín.

Ó wá ku bébà. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: nọ́ńbà orí, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ojú ìwé tó gbà, iye ọjọ́ tó kọjá nínú ìtàn. Ẹ ṣe é fún ìdìpọ̀ mẹ́ta yìí, kí ẹ tún ṣe é fún ìjà kan láàárín ìtàn tí gbogbo èèyàn gbà pé ó dára. Ká ní ti àárín yẹn gba orí 9, ojú ìwé 171 nìyẹn, ẹni méjì ló sì jà á. Ká ní ti ìparí gba orí 3, ojú ìwé 57, tí ẹni mẹ́rin sì pín in: kò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ju bí 14 lọ. Ẹ lè wá fọwọ́ sọ̀yà.

Àmọ́ ẹ má fi mọ sórí iye orí nìkan. Ohun tó ń jẹ ojú ìwé jù níparí ni àwòrán ńlá tó gba ojú ìwé méjì pọ̀. Márùn-ún irú rẹ̀ nínú orí kan ti jẹ 10 nínú 19. 9 tó kù ni wọ́n á fi sin òkú, tí wọ́n á fi tú àṣírí, tí wọ́n á tún fi dágbére. Irú ìparí bẹ́ẹ̀ ń sáré, ó sì ń falẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tó kà á fi lè máa jiyàn láìsí ẹni tó purọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn inú àwòrán náà: tí ilé, igi àti ojú ọ̀run tí wọ́n ń yà dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ti di funfun báláú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì kún àpótí débi pé orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ráyè yọjú, ohun tó yẹ kí ayàwòrán yà ló ń fẹnu sọ yẹn.

Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí ìtàn náà gbé dìde, kí ẹ sì fi àmì sí wọn: èyí tí wọ́n dáhùn, èyí tí wọ́n kàn fi àwòrán tọ́ka sí, èyí tí wọ́n pa tì. Ẹ kọ orí tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí orí kankan kọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé ẹgbẹ́ yín lẹ dá a sílẹ̀, ìtàn ò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Ó máa ń dunni, àgàgà lórí ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó fẹ́ ta.

Ní ti ohun tó fa ìkánjú, ẹ ṣọ́ ẹnu. Jump máa ń fi káàdì sínú ìwé kí òǹkàwé mú ìtàn mẹ́ta tó fẹ́ràn jù, wọ́n sì lè dá èyí tí ìbò rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ dúró. Ìtàn tuntun nìyẹn sábà máa ń bá. Fún èyí tó ti pẹ́, ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má bá a sọ ọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ èrò yín sílẹ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ má sì fi "ṣùgbọ́n" so wọ́n pọ̀: ohun tí ẹ fẹ́ràn pẹ̀lú nọ́ńbà orí rẹ̀, ohun tó bí yín nínú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n" yẹn ló máa ń jẹ́ kí apá kan gbé èkejì mì.

Ẹ má sì ju bébà yẹn nù, torí ìdìpọ̀ tó kẹ́yìn lè ní ohun tí ìwé ìròyìn ò ní. My Hero Academia parí nínú Jump ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Nígbà tí ìdìpọ̀ 42 jáde lóṣù Kejìlá, orí tuntun kan, ìyẹn orí 431, wà nínú rẹ̀. Ti Shaman King tún le jù bẹ́ẹ̀: ó já lójijì nínú Jump lọ́dún 2004, ẹ̀dà àtúntẹ̀ tó jáde láàárín 2008 sí 2009 ló tó fún un ní ìparí gidi. Tí ìdìpọ̀ tiyín bá dé, ẹ mú báírò aláwọ̀ mìíràn, kí ẹ tún àmì àwọn ìbéèrè tí wọ́n pa tì ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.