Aromọ́léegun lórí Google Trends: ìbéèrè àti ìdáhùn nígbà tí gíráàfù bá ń ṣe ségesège

Ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ aromọ́léegun ṣe ń jẹ àwọn èèyàn lọ́kàn tó lè wo ohun tí wọ́n ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google Trends, ìyẹn irinṣẹ́ Google tó ń ya gíráàfù bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan sí, ti wà láti ọdún 2006, ọ̀fẹ́ ni, dátà inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 2004. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ṣòro láti ya gíráàfù, kò sì ṣòro láti ṣì í kà. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi í ṣe ìwádìí nìyí, àti èsì tí mo máa ń fọ̀ fún wọn.

Mo rí 100 ní oṣù kan. Ṣé ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wá a ni?

Rárá o. Kì í ṣe iye èèyàn, kì í sì í ṣe iye ìgbà. Google máa ń fi iye ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ yẹn wé gbogbo ohun tí wọ́n wá ní àgbègbè náà lásìkò kan náà. Ibi tí ìdá yẹn bá ti ga jù lọ ni wọ́n ń pè ní 100, ìyẹn ni wọ́n á sì fi wọn ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní lọ́sẹ̀ kan, 1,000,000 ìgbà ni àwọn èèyàn wá nǹkan, tí 500 nínú rẹ̀ jẹ́ ti aromọ́léegun. Ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, gbogbo wíwá di 2,000,000, ti aromọ́léegun di 800. Ìdá 0.04 péré. Lórí gíráàfù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́ 100, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ 80. Wíwá ti kúrò ní 500, ó ti di 800, síbẹ̀ ìlà ń sọ̀ kalẹ̀! Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àrùn yìí ò jẹ aráyé lógún mọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀lù, orin àti ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ló pọ̀ sí i, tó wá ti ti oríkèé sí kọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kò bá ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mu. Èwo ni irọ́?

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Google kì í ka gbogbo wíwá tán, ṣe ló máa ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni bu ìkúnwọ́ kan nínú àpò, ìkúnwọ́ òní kì í sì í ṣe ti àná. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́pọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí kò wọ́pọ̀, bí ankylosing spondylitis (aromọ́léegun tó ń mú ọ̀pá ẹ̀yìn) ní àgbègbè kékeré kan, ẹ lè rí 47 lónìí kẹ́ ẹ rí 58 lọ́la fún oṣù kan náà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá gba fáìlì kan náà sílẹ̀ lọ́jọ́ bíi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, màá sì mú àárín wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sínú iṣẹ́ yín o! Ìwádìí tí kò bá sọ ìyẹn, kò sí bí ẹlòmíì ṣe fẹ́ tún un ṣe kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo tẹ gout, ìyẹn oríṣi aromọ́léegun kan, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ló gba iwájú. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lédè Faransé, goût ni bí nǹkan ṣe ń rí lẹ́nu, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ráyè àmì orí rẹ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń wá adùn ẹnu ti dà pọ̀ mọ́ àwọn tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ń ro. Bẹ́ẹ̀ náà ni RA, tí àwọn dókítà fi ń gé rheumatoid arthritis (aromọ́léegun tí agbára ìdènà àrùn inú ara fi ń bá oríkèé jà) kúrú: òrìṣà oòrùn àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ló ń bà á jẹ́ jù lọ, ká sòótọ́. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, àwọn àṣàyàn kan á jáde lábẹ́ àpótí. Ọ̀kan á ní Search term lábẹ́, òmíràn á ní Topic tàbí Disease. Search term ń wo lẹ́tà bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an: ẹni tó ṣi sípẹ́lì kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó fi èdè mìíràn kọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Topic ní tiẹ̀ ń kó oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ àti èdè jọ sábẹ́ ìtumọ̀ kan. Topic ni mo máa ń mú tí mo bá fẹ́ fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo Search term, ẹ fi àmì + so wọ́n pọ̀, bíi arthritis + artritis.

Ìyẹn náà ò tíì tán an. Oríṣi àrùn oríkèé lé ní 100. Dókítà ló ń pe èyí tó ń wá látinú oríkèé tó ń jẹ ní osteoarthritis. Ẹni tí kò rí oorun sùn ní aago méjì òru kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ohun tó máa tẹ̀ ni "kí ló dé tí orúnkún mi ń ro mí". Tó bá jẹ́ orúkọ dókítà nìkan lẹ wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti àwọn tí wọ́n ti sọ orúkọ àìsàn wọn fún lẹ ń kà, tí ẹni tí ìrora ń bá fínra sì dá wà níta. Ìlà méjì ni mo máa ń yà, ọ̀kan fún orúkọ àrùn, ọ̀kan fún ìrora. Kí n tó wo ìlà kankan pàápàá, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ, níbi tí wọ́n kọ Related queries sí. Ibẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ohun tí àwọn èèyàn ní lọ́kàn.

Gíráàfù sọ pé odo ni. Ṣé kò sẹ́ni tó wá a ni?

Dátà ni kò tó. Ẹ tẹ làkúrègbé sí i, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí òfìfo, ìyẹn ò sì ní kí orúnkún Yorùbá má ro ó. Ẹ fẹ àgbègbè náà lójú, tàbí kẹ́ ẹ fi ọdún kún un.

Ìlà hydroxychloroquine fò sókè bí ọta ní Oṣù Kẹta 2020. Ṣé aláìsàn rheumatoid pọ̀ sí i ni?

Oògùn rheumatoid àti lupus (àrùn mìíràn tí agbára ìdènà àrùn fi ń bá ara jà) ni lóòótọ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà ń yìn ín fún COVID-19, ni gbogbo ayé bá ń wá a. Ìwádìí padà fi hàn pé kò wo kòrónà. Tocilizumab àti baricitinib, tí wọ́n jẹ́ oògùn oríkèé pẹ̀lú, náà wọ ọ̀rọ̀ kòrónà. Tí ìwádìí yín bá la ọdún wọ̀nyẹn kọjá, ẹ yọ orúkọ oògùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà.

Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé àrùn tó ń fi ọdún wọlé kì í di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí irú fífò bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn kà. Ọjọ́ kejìlá Oṣù Kẹwàá ni Àyájọ́ Àrùn Oríkèé Lágbàáyé, òun náà lè gbé ìlà sókè. Tí ẹ bá fura pé òtútù ló fà á, ẹ fi Kánádà wé Ọsirélíà. Ìgbà òtútù tibí ni ìgbà ooru tọ̀hún. Tí ìlà méjèèjì bá jọ gòkè lóṣù kan náà, kì í ṣe òtútù.

Mo lẹ fáìlì 2010 sí 2014 mọ́ ti 2015 sí 2019, ni ìlà bá fò láàárín.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní 100 tirẹ̀, ẹ ò lè lẹ̀ wọ́n mọ́ra lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní oṣù díẹ̀ tí wọ́n jọ ní. Tí oṣù kan bá jẹ́ 80 nínú fáìlì àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ 40 nínú èkejì, ẹ fi 2 sọ gbogbo fáìlì kejì di púpọ̀. Ẹ ṣọ́ Oṣù Kìíní 2016 àti Oṣù Kìíní 2022 pẹ̀lú: Google fúnra wọn fi àmì sí gíráàfù pé àwọn yí ọ̀nà ìkójọ dátà padà nígbà yẹn.

Ṣé mo lè fi máápù rẹ̀ sọ ibi tí aláìsàn pọ̀ sí?

Ẹ má dán an wò. Baidu ni ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà fi ń wá nǹkan, Yandex ni ti Rọ́ṣíà, Google ò sì rí ìyẹn. Àgbàlagbà tí oríkèé ń yọ lẹ́nu jù lè má tẹ nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá a gbé náà kì í tún béèrè ohun tó ń jẹ́ aromọ́léegun. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ló ń béèrè, àti ọmọ rẹ̀.

Google ti gbìyànjú ẹ̀ lórí àrùn ọ̀fìnkìn líle rí. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé Google Flu Trends jáde. Lásìkò òtútù 2012 sí 2013, iye tó sọ ju ohun tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn lọ fíìfíì, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2015. Ọ̀fìnkìn tó ń wọlé tó ń jáde lọ́dọọdún nìyẹn o, ká má tíì sọ ti oríkèé tí kì í lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 èèyàn ló ní osteoarthritis ní 2019, mílíọ̀nù 18 sì ní rheumatoid. Tí ẹ bá ń wá iye aláìsàn, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ mú. Ohun tí mo máa ń mú kúrò lórí Trends ni ìbéèrè àwọn èèyàn: oúnjẹ wo ni kí n yẹra fún, ṣé ó ń ran ọmọ, ṣé kí n máa rìn tàbí kí n jókòó.