Bí A Ṣe Ń Fi Orin Ran Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Lọ́wọ́ Nílé

Orin kì í wo autism sàn, ìyẹn ìpèníjà tó ń mú kí ó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá ẹgbẹ́ ṣe, kì í sì í mú Down syndrome, ìpèníjà tí a bí mọ́ ọmọ tó ń mú kí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́ra, kúrò lára ọmọ. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ 364 tó ní autism ní orílẹ̀-èdè 9, wọn kò sì rí i pé fífi ìtọ́jú tí a ń fi orin ṣe kún ìtọ́jú tí àwọn ọmọ náà ń gbà tẹ́lẹ̀ mú kí àmì autism dínkù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi orin wo ọmọ yín sàn, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ohun tí orin lè ṣe ni pé kí ó fún ọmọ ní ìdí láti wo ojú yín, láti dúró de àsìkò tirẹ̀, láti gbé ẹsẹ̀ bí ìlù ṣe ń dún, àti nígbà mìíràn, láti fi orin pe ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lẹ́nu lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wá àsìkò tí ilé pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá ń gbé Mushin, Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ̀ pé èyí kò rọrùn, nítorí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì àti fèrè dánfó kì í gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, lẹ́yìn tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ bá ti jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ bo etí, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ohun èlò, ohùn ẹnu yín ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí sákárà. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀, kí ó rọ ẹ̀wà díẹ̀ sínú ike omi tó ti ṣófo, kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ó sì tún fi sẹ́lótéèpù wé e, nítorí ọmọ tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu lè jẹ ẹ̀wà náà kí ó sì fún un lọ́rùn. Agolo mílíìkì tí ẹnu rẹ̀ mú kò dára. Mi ò gba fóònù láyè rárá nínú iṣẹ́ yìí, torí pé fóònù kò lè dúró de ọmọ. Bí ó bá di dandan kí ọmọ fi ẹ̀rọ tí a ń kì bọ etí gbọ́ orin nígbà mìíràn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti ọmọdé má ju decibel 75 (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe lágbára tó) lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan orin kan fún iṣẹ́ kan: ọ̀kan fún ìwẹ̀, ọ̀kan fún bàtà wíwọ̀. Èyí tí ẹ bá fúnra yín ṣẹ̀dá ló dára jù, kí ó kúrú, kí ó sì tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn kan a máa fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí bàtà a sì di bàtá lẹ́nu wọn. Ọmọ tó ń tiraka láti mọ orúkọ nǹkan kò nílò irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ló kàn. Nígbà tí orin náà bá ti mọ́ ọmọ lára, ẹ kọ ọ́ dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kí ẹ sì dákẹ́. Bí orin yín bá jẹ́ "Ó yá, ká wọ bàtà, ká wọ bàtà," ẹ dúró lẹ́yìn "ká wọ" kejì, kí ẹ máa wo ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín, láìyára.

Mo ti rí ìyá, mo ti rí olùkọ́, mo ti rí àwọn àǹtí tó fẹ́ràn ọmọ dénú, tí wọn kò lè ka á kọjá ẹẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ó yá, sọ ọ́! Kí ni? Bà... bà..." Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ́ra láti gba ọ̀rọ̀ wọlé kí ó sì pèsè èsì ti ń múra lọ́wọ́ nígbà náà, ariwo yìí ló ń dà á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò wá sọ pé ọmọ náà kò fẹ́ràn orin.

Ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpèníjà láti inú ọpọlọ tó ń mú kí ó ṣòro láti darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, lè nílò kí ẹ kà á dé ogún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ lè kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn kí ó tó dé ara ìlù. Ẹ má ṣe di ọwọ́ náà mú kí ẹ fi lu ìlù. Ẹ̀yin lẹ lù ú nígbà náà, kì í ṣe òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó máa ń yára dáhùn, ẹ fún wọn ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ gbà á sọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Ohunkóhun tí ọmọ bá ṣe ni èsì: ìwò ojú, ìkùn lásán, ẹsẹ̀ tó mì. Ẹ má ṣe fò sókè kí ẹ máa pàtẹ́wọ́, torí ariwo ayọ̀ náà lè dẹ́rù bà á. Ẹ bá orin yín lọ lójú ẹsẹ̀. Orin tó tẹ̀ síwájú ni ẹ̀bùn rẹ̀. Bí kò bá sì sí èsì, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà fúnra yín, láìbá a wí.

Fún ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, ẹ gbé ìlù lé e nítan tàbí kí ó di bàlúù tí a ti fẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, kí ó lè fi ara gbọ́ ìró rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran, ẹ sọ fún un kí ẹ tó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nítòsí etí rẹ̀. Ọmọ tó ní wárápá, ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn díẹ̀ wà tí orin gan-an máa ń jẹ́ kí gìrì mú.

Bí ọmọ bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ Modupe Cole ní Akoka tàbí Pacelli àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, ẹ gba orin náà sílẹ̀ ní ohùn yín fún olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ àti iye tí ẹ máa ń kà kí ẹ tó parí rẹ̀.