Bí mo ṣe fi mọ́nítọ̀ méjì da ìwé owó ayé pọ́n-ùn kọ

Inú àpò sìmẹ́ńtì ni Bàbá Akápò kó àwọn ìwé náà sí, méje gbáko. Ẹ̀yìn méjì nínú wọn ti já, ikán sì ti jẹ igun ọ̀kan débi pé bí mo bá ṣí i, ó ń gbọ̀n sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó abúlé wọn ni, láti 1968 dé 1975. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni Bàbá Akápò, àwọn nìkan ló sì kù láyé nínú àwọn tó di ipò mú nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá wa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ikán tó kà á tán." Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ìparí oṣù kìn-ín-ní 2023 nìyẹn, mo sì rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Mo fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo kó àwọn àwòrán náà sórí laptop mi, mo ṣí Excel. Laptop ọ̀hún kò tóbi. Bí mo bá ka ìlà kan lórí àwòrán, àfi kí n tẹ Alt àti Tab kí Excel tó yọjú, kí n sì tó débẹ̀, mo ti gbàgbé bóyá 7 ni akọ̀wé wọn kọ tàbí 1. (Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé yẹn, Ọlọ́run kó dẹlẹ̀ fún wọn, 7 wọn àti 1 wọn, ọmọ ìyá kan náà ni.) Mo padà sórí àwòrán, mo tún padà sí Excel. Mo gbìyànjú láti pín ojú laptop sí méjì, àwòrán lápá kan, Excel lápá kejì. Lẹ́tà wá rí bí èèrà. Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé mo ti fo odindi ìlà mẹ́rin.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ló ní kí n ra mọ́nítọ̀ kan, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tó dá dúró, kún un. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé méjì síwájú òun, òun kò lè fi ẹyọ kan ṣiṣẹ́ mọ́, pé bí ẹni ń fi ọwọ́ kan fọṣọ ló ń rí lára òun. Ọkọ mi gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Mọ́nítọ̀ méjì? Ṣé ilé tẹ́tẹ́ lo fẹ́ ṣí ni?" Ẹnì kan tó ń tẹ ìwé ládùúgbò wa ní ọrùn ló máa dùn mí, pé òun náà rà á rí, òun sì tà á. Ó jàre díẹ̀, mo máa débẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ni mo lọ sí Queen Cinema, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà l'Ékòótẹ̀dó, n'Ìbàdàn níbí. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lásìkò yẹn kò ní gbàgbé. Láti 26 oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kéde pé àwọn fẹ́ yí igba náírà, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà padà. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 15 oṣù kejìlá. Wọ́n ní ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù kìn-ín-ní, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù kejì. Tuntun kò sí níbì kankan, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn kò fẹ́ gba àtijọ́. Ọjọ́ tí mo lọ yẹn gan-an ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí ìjọba má tíì fòpin sí owó àtijọ́ ná. Ọjà kò gbọ́. Awakọ̀ Micra tó gbé mi wo ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àtijọ́ tí mo nà sí i, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kó mi sí wàhálà." Àádọ́ta náírà àti ọgọ́rùn-ún tí mo ń jù sísàlẹ̀ báàgì tẹ́lẹ̀ ló kó mi yọ. Àwọn yẹn ni wọn kò fọwọ́ kàn, wọ́n wá di ọba.

Mo rí tòkúnbọ̀ kan tó fẹ̀ tó íńṣì méjìlélógún. Ẹni tó ń tà á ní, "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, tó bá jẹ́ tiransifáà. Tẹ́ ẹ bá ní kéèṣì tuntun, ẹ mú mẹ́rìnlélógún wá." Ọjà kan náà, owó kan náà, iye méjì! Mo ní kó tan mọ́nítọ̀ ọ̀hún kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ má wo àwòrán òdòdó tí wọ́n bá ti ṣí sílẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí nǹkan funfun tó kún ojú rẹ̀, kí wọ́n tún ṣí dúdú. Ibi tó bá kú tàbí tó bá dọ̀tí látinú, á hàn lórí funfun. Ibi tó bá ń tàn láìbìkítà, á hàn lórí dúdú. Mo rí àmì kékeré kan tó tutù bí ewé ní igun ọ̀tún lókè, kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo fi ìyẹn ná an wá sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ihò VGA, èyí aláwọ̀ búlúù tó ní ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò mìíràn tí wọ́n ń pè ní DVI. Irú ihò tí wọ́n ń pè ní HDMI nìkan ni laptop mi ní. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ibẹ̀ bá mú ohun kékeré kan wá tó máa ń so méjèèjì pọ̀, ó fi kún ọjà mi.

Mo ṣe tiransifáà ní aago mọ́kànlá. Owó kúrò ní àkáǹtì mi, kò dé tiwọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn méje mìíràn tí owó tiwọn náà wà lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èrò ará ìlú lórí owó tuntun ju èyí tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ. Arákùnrin kan mú ẹyọ ẹgbẹ̀rún kan tuntun jáde, gbogbo wa ń wò ó bí ọmọ tuntun. Ìyá kan fi àtàǹpàkò pa á, ó ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwòrán tó wà lójú owó kò yí padà, àwọ̀ ló yí. Bàbá kan rán wa létí pé ní 1984, nígbà tí Buhari kan náà jẹ́ olórí ológun, wọ́n yí àwọ̀ owó bákan náà, pé àwọn kan pàdánù owó tí wọ́n kó pamọ́ sílé. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ pé ó dára, kí àwọn olóṣèlú má baà rí owó fi ra ìbò. Ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀. Ìyá tó sọ̀rọ̀ aró lẹ́ẹ̀kan wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi kì í ṣe olóṣèlú, tomátì mi ló ń jẹrà." Kò rí èsì fún wọn. Èmi náà kò rí.

Aago mẹ́ta kọjá kí alẹ́ẹ̀tì tó dún lórí fóònù ẹni tó ni ọjà.

Mo délé, mo so ó pọ̀, mo tàn án. Dúdú. Ó kàn ń kọ "No Signal" káàkiri. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí kò sọ. Àbúrò mi ló ní kí n ya àwòrán ohun kékeré yẹn ránṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ti ẹ̀yìn-sí-wájú ni wọ́n fún yín." Èdè méjì ni HDMI àti VGA ń sọ, ògbufọ̀ ni ohun tó wà láàárín wọn. Èyí tó ń gbọ́ HDMI tó ń sọ VGA yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ́ VGA tó ń sọ HDMI, ẹnìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo fi ṣòfò, ní kéèṣì, ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Èyí tó kù kò le. Mo tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, mo mú "Extend". Bí ẹ bá mú "Duplicate", ohun kan náà ló máa hàn lójú méjèèjì, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan nìyẹn. Apá òsì ni mo gbé mọ́nítọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ì máòsì lọ sósì, ó ń forí sọ ògiri. Apá ọ̀tún ló ti ń rí ọ̀nà kọjá. Windows rò pé ọ̀tún ni mọ́nítọ̀ wà ni. Mo wọ "Display settings", mo fa àpótí tí wọ́n kọ 2 sí lọ sí òsì 1, mo tẹ "Apply", máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá bí ẹni gba yàrá bọ́ sí pálọ̀. Ohun tó tún wúlò fún mi jù ni kí n tẹ Windows, Shift àti ọfà pa pọ̀: ohun tí mo bá ń lò lọ́wọ́ á fò láti ojú kan sí èkejì.

Ọrùn dùn mí lóòótọ́, fún ọjọ́ méjì. Mo gbé mọ́nítọ̀ náà sórí páálí ìwé A4 méjì kó lè ga tó ojú mi, mo wá fì í sí mi bí ojú ìwé tí a ṣí, kò wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú laptop mọ́. Ó lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi ni iná. Laptop ní bátìrì, mọ́nítọ̀ kò ní. Bí NEPA bá ti gba iná wọn, gbogbo ohun tó wà lápá òsì á sá wọ inú laptop gìrì, bí adìẹ tí òjò dé bá.

Wàyí o, iṣẹ́. Àwòrán ìwé lápá òsì, Excel níwájú mi. Títí dé ìparí 1972, òpó mẹ́ta ni akọ̀wé fà: pọ́n-ùn, sílè, kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ méjìlá ni sílè kan, ogún sílè ni pọ́n-ùn kan. Ní 1 oṣù kìn-ín-ní 1973, náírà dé, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, sílè mẹ́wàá di náírà kan. Mo kọ ọ́ fún Excel báyìí, B ni pọ́n-ùn, C ni sílè, D ni kọ́bọ̀: =B4*2+C4/10+D4/120. Mo fi pọ́n-ùn mẹ́ta, sílè méje, kọ́bọ̀ mẹ́fà dán an wò, ó fún mi ní 6.75. Mo jẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́ta wà lẹ́yìn àmì ìdá, torí tọ́rọ́ kan di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, Excel á sì fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n owó kò pé ara wọn. Akọ̀wé kọ àṣẹ́kù ìparí 1972 sílẹ̀ ní pọ́n-ùn 412 àti sílè mẹ́ta. Ojú ìwé kejì, ìlà àkọ́kọ́ ní 1973, bírò pupa, òpó méjì péré: ₦824.30. Tèmi jẹ́ ₦824.67. Kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlógójì ló lé. Mo gbé ojú ìwé méjèèjì sí ojú méjèèjì, mo ń wò wọ́n fún alẹ́ méjì. Mo ti fẹ́ gbà pé akọ̀wé ló ṣì í.

Bàbá Akápò ló wá rí i. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ibi owó ìtanràn. Akọ̀wé kì í kọ ìyẹn sínú òpó, ọ̀rọ̀ ló fi ń kọ ọ́: "lágbájá pẹ́ dé ìpàdé, kọ́bọ̀ mẹ́fà." Èmi sì ti ń tẹ 0.06. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. "Kọ́bọ̀ ayé ìjọ́hun kọ́ ni kọ́bọ̀ tiyín, ìyàwó. Sísì nìyẹn! Akọ̀wé wa ló mọ̀wé jù, kò ní kọ sísì, ó ní èdè ọjà ni." Sísì kan, kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun. Orúkọ tí à ń pe owó wẹ́wẹ́ òyìnbó ni náírà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ka àwọn tó pẹ́ dé ìpàdé: mẹ́tàdínlógójì.

Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n ní 2 oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n ní kí ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún, kó tó pé ọdún kan wọ́n tún ní pọ́n-ùn ti lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ní pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí ọgbọ̀n nínú ìwé, ó lọ sílé lọ pa adìẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pọ́n-ùn kan ni wọ́n ṣì ń pe náírà méjì lọ́jà. Mo bi wọ́n léèrè bóyá àwọn èèyàn tò sí báńkì bí ti ìsinsìnyí. Wọ́n wo ojú fèrèsé, níbi tí ìlà POS ti gùn dé ẹnu geèètì ìjọ. Wọ́n ní, "Ìyẹn yí orúkọ, ó yí ìṣirò. Èyí yí aṣọ lásán, ẹ wo bó ṣe rí."

Mo parí iṣẹ́ náà ní àárín oṣù kẹta. Ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù náà pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí di 31 oṣù kejìlá, Báńkì Àpapọ̀ sì ti gbà ní ọjọ́ kẹtàlá. Ọkọ mi ló gbé àga sí iwájú mọ́nítọ̀ apá òsì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé báyìí, bọ́ọ̀lù ló ń wò. Bàbá Akápò wá gba ẹ̀dà tiwọn. Wọ́n mú ìdì owó kan jáde lábẹ́ agbádá, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtijọ́, ọgọ́rin ẹyọ, òórùn kánfọ̀ sì ń jáde lára wọn.

"Ọ̀kẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ìyàwó. Kà á."

Ọ̀kẹ́, iye owó ẹyọ tí wọ́n ń kó sínú àpò kan kí òyìnbó tó kó sílè dé. Mo kúnlẹ̀, mo kà á.