Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Kú Lókè: Fún Ẹni Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ To Bàálù

Ọ̀nà epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún dáadáa lórí ilẹ̀ lè ṣàìrí epo tó nígbà tí imú bàálù bá gbé sókè. Kí ẹ tó fò rárá, ẹ tú rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ gbé imú sókè tó bí ìgbà tó bá ń gun òkè jù lọ, kí epo ìwọ̀nba wà nínú táǹkì, kí ẹ wá gbe epo tó ń ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì. Kí iná má sí nítòsí o! Òṣùwọ̀n FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ni pé bí epo bá ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó ìdá 150 nínú 100 ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà ìgbéra. Bí pọ́ǹpù bá ń tì í, ìdá 125. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń mu lítà 30 ní wákàtí kan, táǹkì tí kò ní pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tú lítà 7.5 jáde láàárín ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá pé, ẹ wo ihò atẹ́gùn táǹkì bóyá ó dí, ẹ wo rọ́bà tó ká kọ́rọ́, àti èyí tó sún mọ́ sálẹ́ńsà tí epo inú rẹ̀ lè hó.

Bí ó bá kú kété tí ẹ gbéra, ẹ ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójú ẹsẹ̀, ṣáájú rédíò, ṣáájú ohunkóhun. Bàálù fúyẹ́ kì í pẹ́ pàdánù eré, pàápàá èyí tí wáyà pọ̀ lára apá rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́rí padà sí pápá. Bí ẹ bá dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 45 láti yí padà, eré tó kéré jù tí apá fi lè gbé bàálù á ga sí i ní nǹkan bí ìdá 19 nínú 100, nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́. Iwájú ni kí ẹ balẹ̀ sí, lọ́tùn-ún tàbí lósì díẹ̀.

Bí ẹ bá ga, ẹ kọ́kọ́ yan ilẹ̀. Bàálù tó ń rìn ẹsẹ̀ bàtà 10 síwájú fún 1 tó ń sọ̀ lè dé nǹkan bíi kìlómítà 3 láti ẹsẹ̀ bàtà 1,000, bí afẹ́fẹ́ ò bá dojú kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ooru kábúrétọ̀ (ọwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara sálẹ́ńsà yọ́ yìnyín inú kábúrétọ̀) kíá kí sálẹ́ńsà tó tutù, ẹ yí epo sí táǹkì kejì, ẹ tan pọ́ǹpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́, ẹ má ti ooru náà padà. Ẹ pe fún ìrànlọ́wọ́ lórí rédíò ní 121.5 MHz, ìkànnì pàjáwìrì.

Eré ìbalẹ̀ ló ń pa èèyàn: ní 45 knot (ìwọ̀n eré bàálù) dípò 60, agbára ìkọlù fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ kojú afẹ́fẹ́, ẹ pa epo àti iná pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fún bẹ́líìtì mọ́ra, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kí ẹ tó kan ilẹ̀, torí férémù tó bá tẹ̀ lè há a pa.